Wọ́n Ní Àlàájà Ti Rù

Iṣẹ́ tí Jàlálù Ọdẹ́wálé ń ṣe kò ní orúkọ ní Ìlobù, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń rọ irin, alágbẹ̀dẹ ni. Ẹni tó ń ránṣọ, télọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sílé onílé ní kùtùkùtù, tó ń ní kí àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀, kó dìde, kó na apá, kó sáré yí kànga ká, tó sì fẹ́ kí wọ́n sanwó fún òun lórí ẹ̀, kí la ó pe onítọ̀hún? Àwọn ọmọdé àdúgbò ló bá a wá orúkọ. Tíṣà Fòsókè ni wọ́n sọ ọ́. Bó bá ti gun kẹ̀kẹ́ kọjá, wọn a máa fò lẹ́yìn rẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, òun náà a sì máa juwọ́ sí wọn, nítorí pé kí ni ì bá tún ṣe?

Sàtífíkéètì rẹ̀ wà nínú férémù lára ògiri pálọ̀. Ìbàdàn ló ti gbà á, lẹ́yìn tí ìjọba dá òun àti ọ̀pọ̀ tíṣà dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1984. Tíṣà eré ìdárayá ni tẹ́lẹ̀; nígbà tí wọ́n sì ní owó ò sí nílẹ̀ mọ́, ẹni tó ń kọ́ ọmọ léré ni ojú wọn kọ́kọ́ bà lé. Kò bínú títí. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn kí ara èèyàn le. Kùmásí ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì ti ń bá àwọn géńdé gbé irin kí wọ́n tó lé àwọn òbí rẹ̀ wálé lọ́dún 1969. Àwọn ẹlòmíì kó aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ bọ̀ láti Gánà. Apá àti àyà ni Jàlálù gbé bọ̀ ní tirẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ní Ìbàdàn sọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbàwé. Ó ní iṣẹ́ yìí kì í fi pátákó ta ara rẹ̀. Kí wọ́n wá oníbàárà kan, kí wọ́n tún ara rẹ̀ ṣe títí tí ojú yóò fi rí i, kí onítọ̀hún sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fáyé pé lágbájá ló ṣe é. Ẹlẹ́rìí kan péré ti tó. Òun ni yóò kó ìyókù wá. Láti ọjọ́ náà ni Jàlálù ti ń wá ẹlẹ́rìí kan yìí kiri Ìlobù àti Ìfọ́n, kò sì rí i.

Níbo ni yóò ti rí i? Ìlú àgbẹ̀ ni. Ó dá ọkùnrin kan tó ń ti oko bọ̀ dúró, ó ṣàlàyé eré ìdárayá fún un dáadáa. Ọkùnrin náà sọ ọkọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wò ó tàánútàánú.

"Ọmọ mi," ló wí, "ebè tí mo kọ láti àárọ̀ ńkọ́? Wá bá mi kọ ọ́ lọ́la, n ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ."

Jàlálù rẹ́rìn-ín. Kó tó délé, ẹ̀rín náà ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Comfort ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní tirẹ̀, bí owó oṣù tilẹ̀ ń wọlé bó ṣe wù ú. Kì í ṣe obìnrin aláriwo. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jẹun tán, ó kó àwo jọ, ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìdòwú, mi ò sọ pé iṣẹ́ yín ò dáa o. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń wá ẹni tí á máa gbé pákó níbi ìlagi rẹ̀ lọ́nà Òṣogbo. Ẹ jẹ́ ká dúró de Iléyá. Bí iṣẹ́ yìí ò bá tíì lójú títí dìgbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá a."

"Mo ti gbọ́," ni Jàlálù wí. Ó rẹ̀ ẹ́ ju kó jiyàn lọ. Ẹni tó ń kọ́ aráyé bí ara ṣe ń le, ara tirẹ̀ ló ń ro ó bíi ti ẹni tó ru ẹrù wálé lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ kò rí ẹrù kankan rù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àlàájà Rísíkátù ránṣẹ́ pè é. Àlàájà yìí ń ta aṣọ, ilé alájà kan ló kọ́ sí Ìlobù, òun àti ìyá Jàlálù sì jọ gbé ládùúgbò kan ní Kùmásí rí. Ó tóbi. Ó tóbi bí olówó ṣe yẹ kó tóbi, kò sì sẹ́ni tó rí i tí kì í sọ pé ara tù ú. Ṣùgbọ́n bó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, yóò dúró láàárín, yóò máa ṣe bíi pé ó ń wo nǹkan lójú fèrèsé títí èémí rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Dókítà kan ní Òṣogbo ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ń ru ju bó ṣe yẹ lọ, pé bí kò bá dín ẹran ara kù, òun ò lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló pa ìyá Àlàájà, nídìí igbá ọjà, pẹ̀lú aṣọ tí ó ń wọ̀n fún oníbàárà lọ́wọ́.

"Wọ́n ní o gba ìwé nídìí ẹ̀," ló wí fún Jàlálù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀yìnkùlé mi ni a ó ti máa ṣe é, bí mo bá ti kírun àsùbá tán. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ pé Rísíkátù ń fò káàkiri ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ní mo ti ń já ewé jẹ."

Ojú Jàlálù kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹlẹ́rìí tí kò ní sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Àlàájà rí i.

"Má ṣèyọnu. Ìgbéyàwó Màríámọ̀ ọmọ mi ń bọ̀ ṣáájú Iléyá. Jẹ́ kára mi kọ́kọ́ yá. Lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi ni n ó fà ẹ́ lọ́wọ́ jáde láàárín èrò, n ó sì sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ rè é."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ìrìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rìn, wọ́n ń yí kànga ká nínú òkùnkùn àfẹ̀mọ́júmọ́, Jàlálù níwájú, Àlàájà lẹ́yìn tó ń mí bí ẹwìrì. Jàlálù ń ní kó jókòó sórí àpótí, kó sì dìde láìfi ọwọ́ kan nǹkan. Ó ti fi sìmẹ́ńtì rọ agolo mílíìkì méjì, ó ki igi bọ̀ ọ́ láàárín. Ìyẹn ni Àlàájà ń gbé sókè sódò. Màríámọ̀ ló ń pọn omi fún wọn, ọmọ náà a sì fi etí ìró bo ẹnu kí ìyá rẹ̀ má gbọ́ ẹ̀rín.

"Jàlálù, o fẹ́ẹ́ pa mí o."

"Ẹ mí, Àlàájà. Ẹ má di èémí mú."

Kò yára, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Orúnkún tó ń dùn ún kò dùn ún bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Ọbẹ̀ tí epo ń léfòó lórí ẹ̀ kúrò nílé. Dókítà Òṣogbo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó ní ó ti wálẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àlàájà wọlé lọ láti mú nǹkan wá fún Jàlálù, kò sì pẹ́ tó fi yọ orí lójú fèrèsé òkè. "Jàlálù! Mi ò dúró láàárín o! Mi ò dúró!" Inú Jàlálù dùn débi pé ó gbàgbé orúkọ tí àwọn ọmọdé ń pè é. Gbogbo ọ̀nà ilé ló ń fi kẹ̀kẹ́ kọrin lọ.

Àṣé ayé ti ń wò.

Rísíkátù tí gbogbo ọjà mọ̀, tó máa ń kún àga rẹ̀ bámú, àga ti wá ń ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àlàájà," ni wọ́n ń kí i, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kí aláìsàn. "Ara á yá o. Ọlọ́run á fọ̀nà hàn." Ẹni kan gbé àgbo wá. Òmíràn ní kó lọ wo ẹ̀yìn wò, pé kì í ṣe ojú lásán. Àwọn ìyá ẹlẹ́sìn kóra jọ sí pálọ̀ rẹ̀, wọ́n ṣe àdúà ìwòsàn fún un títí di ọ̀sán, ó ń ṣe àmín. Nígbà tí ẹnu pọ̀ jù, Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í di táwẹ́lì mọ́ ìdí nínú ìró kó lè dà bíi pé ó ṣì tóbi. Láàárọ̀, Jàlálù á bá a yọ ẹran kúrò lára. Bó bá di ọ̀sán, Àlàájà á tún dì í padà sí ìdí. Òógùn tó ń là nínú ooru ọjà ju ti ẹ̀yìnkùlé lọ.

Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti àwọn àna. Ará Ìfọ́n lọkọ tí Màríámọ̀ ń fẹ́, Dúró lorúkọ rẹ̀. Ìfọ́n àti Ìlobù ò jìnnà síra rárá. Lónìí wọ́n ń ṣẹjọ́ ilẹ̀, lọ́la wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ń fa èkejì. Kí wọ́n tó gbà láti fẹ́ Màríámọ̀, àwọn àgbà Ìfọ́n ti ṣe ìwádìí tí gbogbo ìdílé ń ṣe: ṣé wèrè ò sí níbẹ̀, ṣé wárápá ò sí níbẹ̀, ṣé kò sí àìsàn tó ń ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ? Wọ́n ní ó mọ́. Ní báyìí, ìròyìn kàn wọ́n pé ìyá ìyàwó ti rù kan eegun. Bàbá Adégbénró, ẹ̀gbọ́n bàbá Dúró, ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí, ránṣẹ́ sí Àlàájà pé kó wá. Kò ní gbólóhùn méjì nínú iṣẹ́ náà.

"Òtítọ́ ni n ó sọ fún wọn," ni Àlàájà wí fún Jàlálù. "Má dúró dọjọ́ ìgbéyàwó mọ́. Mú ìwé ẹ dání, ká jọ lọ."

Ọjọ́ tí Jàlálù ti ń retí dé, ó tiẹ̀ yá ju bó ṣe rò lọ. Ó yọ férémù lára ògiri, ó fi àkísà nù ún. Ó lọ ṣòkòtò funfun tó ní ìlà búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń wọ̀ nígbà tó wà nílé ìwé. Comfort bá a tún kọ́là ṣe, kò sọ̀rọ̀ ibi ìlagi lọ́jọ́ náà.

Pálọ̀ Bàbá Adégbénró kún fún àwọn àgbà. Òun fúnra rẹ̀ jókòó láàárín wọn, ikùn rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀ bí àlejò pàtàkì. Àlàájà kúnlẹ̀ kí wọn bí ìyá ìyàwó ṣe ń kí, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, ó kí wọn tán, ó sì dìde. Jàlálù dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àlàájà sọ ọ́: pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, pé eré ìdárayá lòun ń ṣe, ọmọkùnrin yìí ló ń kọ́ òun, iṣẹ́ tó kọ́ ni, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ rè é.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wo férémù náà, wọ́n gbé e kiri. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá Adégbénró kò rẹ́rìn-ín.

"Àna wa," ló wí, "ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara yín. Ta ni í jẹun sanra tán, tí í wá lọ pe èèyàn pé kó wá bá òun mú un kúrò? Kò sẹ́ni tí í dédé lé ẹran ara ẹ̀ jáde." Ó yíjú sí Jàlálù. "Tíṣà, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Má purọ́ fún àgbà. Ṣé dókítà ló ní kí wọ́n ṣe é? Àìsàn wo ni?"

Jàlálù gbójú sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sínú ojú Àlàájà.

Ó yé e. Bó bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n á gbà pé iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á rí ohun tó wò sàn. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún ṣírò lé e lórí: ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyá àgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe ìyá, ta ló wá kàn? Màríámọ̀ tó ń pọn omi fún wọn ló kàn. Ìgbéyàwó á tú ká nínú pálọ̀ yìí, kò sì sí ilé mìíràn tí yóò fẹ́ ẹ láìgbọ́ ìdí ẹ̀. Bó bá sì sọ pé kò sí àìsàn rárá, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́, àyàfi bó bá bá wọn wá ẹni tó jẹ̀bi.

Ó wo férémù náà lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wá fi sí, òun náà ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ pátápátá. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó fàyà lélẹ̀ gbalaja.

"Ẹ foríjì mí, bàbá. Èmi ni mo jẹ̀bi. Àlàájà ò ṣàìsàn kankan. Orúnkún ló ń dùn wọ́n nítorí àjókòójù, wọ́n ní kí n bá àwọn wo ẹsẹ̀ lásán. Èmi ni mo fẹ́ fi ara mi hàn. Mo ṣe é jù, ọwọ́ mi le jù. Bí mo bá ti fi wọ́n sílẹ̀, ara wọn á padà sípò."

Èémí jáde lẹ́nu gbogbo àwọn tó wà níjòókòó, ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e, ẹ̀rín gidi tó ti inú wá.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" ni àgbà kan pariwo. "Wọ́n rán an pé kó wá wo ẹsẹ̀, ó fẹ́ẹ́ wo gbogbo ara lọ!"

Bàbá Adégbénró da férémù náà padà fún un. "Gba ìwé ẹ. Fi í pamọ́ dáadáa, kó má baà lọ pa ẹlòmíì."

"Ẹ ṣé, bàbá," ni Jàlálù dáhùn.

Nígbà tí wọ́n dé ojú títì, Àlàájà ò lè rìn. Ó dúró, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìró tó fi bo táwẹ́lì.

"Jàlálù. Ọmọ Kùmásí. Kí ni n ó fi san án fún ẹ?"

"Ẹ má sọ̀rọ̀, mà. Ẹ máa dì í títí wọ́n á fi ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìrìn dúró. Bẹ́ ẹ bá ti kírun tán, ẹ máa rìn nínú ilé. Mo bẹ̀ yín."

Wọ́n ṣègbéyàwó náà. Kò sẹ́ni tó fa Jàlálù lọ́wọ́ jáde. Ẹ̀yìn ló jókòó sí pẹ̀lú Comfort, ó ń jẹ ìrẹsì, ó sì gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ọkùnrin yẹn nìyẹn, òun ló kù díẹ̀ kó pa Àlàájà." Comfort náà gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ lé itan ọkọ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, kò gbé e kúrò títí wọ́n fi dìde. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Jàlálù sọ gbogbo bó ṣe jẹ́ fún un, ìyẹn nìkan sì lẹni tó sọ ọ́ fún.

Iléyá dé, ó kọjá. Kò sí oníbàárà. Àwọn ọmọ pàápàá ò fò lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá wọn ti ní kí wọ́n yàgò fún un. Férémù tó gbé lọ sí Ìfọ́n kò padà sára ògiri. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ìyókù ògiri lọ, bí ojú àpá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi ìlagi ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Jàlálù ṣílẹ̀kùn, ó bá Bàbá Adégbénró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà ti bo ojú rẹ̀, ó ń mí fìn-ìn-fìn-ìn bí ẹni pé wọ́n ń lé e bọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti Ìfọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà mọ mọ́tò rẹ̀. Jàlálù dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga fún un. Bàbá jókòó, ó sì pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀.

"O purọ́ lọ́jọ́ náà," ló wí.

Jàlálù fò dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ náà ti wà nílé yín…"

"Jókòó. Mi ò wá jà. Mo rí àna mi bó ṣe kúnlẹ̀. Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó sì dìde láìdi àga mú, láìdi èèyàn mú. Mo ti kúkú mọ̀ láti ìgbà yẹn. Ó ti pẹ́ tí èmi ti dìde bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn." Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ìyàwó ló ń bá mi wọ bàtà báyìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ sí Òṣogbo, dókítà fi nǹkan dì mí lápá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Àìsàn tí mo ń wá kiri nílé àna, inú ilé mi ló wà."

Comfort dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Èyí tó o ṣe fún un, ṣe é fún èmi náà," ni bàbá wí. "Kó o máa wá sí ẹ̀yìnkùlé mi láfẹ̀mọ́júmọ́. N ó tọ́jú ẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì kan wà tí n ó rọra sọ fún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́, Jàlálù. Bí wọ́n bá rí i pé mo ń rù, n ó ní ààwẹ̀ ni mò ń gbà."

Jàlálù wò ó. Ẹlẹ́rìí tó ń wá rè é: àgbà tí gbogbo Ìfọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, tó fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ òun, tó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Yóò mú oníbàárà wá. Kò sì ní sọ̀rọ̀ láéláé. Inú Jàlálù fẹ́ẹ́ dùn, ó sì fẹ́ẹ́ sunkún, kò lágbára èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó ṣírò ọ̀nà lọ́kàn: Ìfọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ibi ìlagi bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ẹni tó bá rí òógùn lára rẹ̀ lè rò pé ti pákó ni.

Comfort ti gbé férémù jáde nínú àpótí. Kò gbé e sí pálọ̀. Inú yàrá ló gbé e kọ́, níbi tí àlejò kì í dé.

"Ó dáa, bàbá," ni Jàlálù wí. "Ẹ dìde. Ẹ má di àga mú."

Bàbá gbìyànjú, ó tún padà jókòó. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ pọ́n, ó pa ẹnu mọ́ gbọin kí ó má baà ké.

"Ẹ mí, bàbá. Ẹ má di èémí mú. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wa."